Ilé Ìdáná Tí Mo Yí Sódì

Ẹni tó bá lóun ò jowú rí, ẹ má bá a jà. Ẹ kàn bi í bóyá bíríkìlà ti fi okùn wọn ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ rí, láti èjìká dé orí ìka, lọ́sàn-án gangan, níṣojú rẹ̀. Tó bá ní rárá, ẹ fún un lómi mu, ẹ ní kó jókòó. Ọ̀rọ̀ yìí jù ú lọ.

Èmi ni Yaw Dapaah. Iṣẹ́ mi ni kí n máa pe èrò ní gáréèjì Mampong, nílẹ̀ Asante. "Kumasi, Kumasi, Kumasi! Ẹnì kan péré ló kù!" Ẹnì kan péré tí mò ń wí yẹn, ẹni méjìlá ni. Kì í ṣe irọ́. Iṣẹ́ ni. Ẹnu mi ni mo fi ń jẹun, ẹnu yẹn náà ni mo sì fi fẹ́ Tiwaa.

Ó ti pé ọdún mọ́kànlá báyìí. Mò ń gbé nílé ìyá mi, Tiwaa ń gbé nílé ìyá tiẹ̀, bí gbogbo ọmọlúàbí ṣe ń ṣe nílùú wa. Títì kan ló wà láàárín wa. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á dáná lọ́hùn-ún, Adwoa ọmọ wa á gbé abọ́ sórí, á fi aṣọ funfun bò ó, gbogbo àdúgbò á máa wò ó bó ṣe ń kọjá, wọ́n á mọ̀ pé Yaw níyàwó. Èmi á ti jókòó síwájú ilé wa, màá bu omi fọwọ́, màá máa ṣọdẹ ìgbín nínú ọbẹ̀, ọkàn mi á balẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: fún ọdún mọ́kànlá, mi ò tẹ ẹsẹ̀ kan wọ ibi tí wọ́n ti ń se oúnjẹ yẹn. Kí ni mo fẹ́ lọ wá níbẹ̀? Ọkùnrin tó bá ń yọjú wo ìkòkò nílùú wa, orúkọ tí wọ́n máa sọ ọ́, inú sàréè nìkan ló ti máa bọ́ ọ sílẹ̀.

Tiwaa ní búkà kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìyá rẹ̀, ó kọjú sí gáréèjì. Ọbẹ̀ ẹyìn rẹ̀, àrà ọ̀tọ̀ ni! Dírẹ́bà kan jókòó tì í lọ́jọ́ kan, ó gbàgbé pé èrò wà nínú mọ́tò. Àmọ́ ibi ìdáná ọ̀hún dà bí ẹrù tí ìjì fọ́nká: iná níbí, omi lẹ́yìnkùlé, odó lábẹ́ igi máńgòrò, abọ́ nínú yàrá ìyá rẹ̀. Kó tó bu ọbẹ̀ fún ẹni mẹ́ta, mọ́tò ti kún, dírẹ́bà ti lọ. Ta ló sì ń pe èrò kún mọ́tò yẹn kíákíá? Èmi náà ni! Èmi ni mò ń fi ẹnu mi lé oníbàárà ìyàwó mi lọ.

Agya Boadi, alága àwọn dírẹ́bà, ló wá sọ ọ́ lójú rẹ̀. Ó ní: "Tiwaa, ó ti sú wa ká máa fi ìdajì fùfú sílẹ̀ sá lọ. Tún ibí yìí kọ́. Tó o bá fún ogójì dírẹ́bà lóúnjẹ lọ́jọ́ Ẹtì tó gbẹ̀yìn oṣù yìí kí mọ́tò tó kún, ọ̀dọ̀ rẹ ni gbogbo ẹgbẹ́ á máa jẹun láti ọjọ́ yẹn lọ. Tó ò bá lè ṣe é, obìnrin kan wà ní Nsuta tó ti ń bẹ̀ wá."

Ọjọ́ Ẹtì! Ẹ mọ̀ pé ọjọ́ Sátidé ni ìsìnkú, ọjọ́ Ẹtì ni gbogbo Asante ń wọ mọ́tò. Tiwaa kàn tú gèlè, ó tún un wé, ó le dan-in dan-in. Mo mọ gèlè yẹn. Ó ti pinnu.

Àwọn ẹbí rẹ̀ yọ ilẹ̀ fún un níwájú ilé, wọ́n sì ránṣẹ́ pe bíríkìlà kan láti Bekwai tí wọ́n ní kò sí irú rẹ̀ níbi ká kọ́ ilé ìdáná. Nyantakyi lorúkọ rẹ̀. Ó ga. Ó máa ń rọra sọ̀rọ̀. Eyín rẹ̀ pé. Ibi tí mo ti kórìíra rẹ̀ nìyẹn.

Bíríkìlà mìíràn tó bá dé, á bi yín pé báwo ni ilé náà á ṣe tóbi tó. Nyantakyi bi wọ́n pé: "Ta ló máa dáná níbẹ̀?" Wọ́n nawọ́ sí Tiwaa. Ó ní, "Ẹ fún mi ní àpótí. Mo fẹ́ máa wò wọ́n."

Ọjọ́ mẹ́ta! Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi jókòó sórí àpótí, igbá kan níwájú rẹ̀, àgbàdo lọ́wọ́ rẹ̀. Tí Tiwaa bá rìn láti ìdí iná lọ sídìí omi, á ju hóró kan sínú igbá. Tó bá rìn lọ sídìí odó, hóró pupa. Bó ṣe ń wo ìyàwó mi nìyẹn látàárọ̀ dalẹ́, tó ń ju àgbàdo bí ẹni tó ń bọ́ adìyẹ.

Gáréèjì ni mo wà tí dírẹ́bà kan fi dé ọ̀dọ̀ mi, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Yaw, ṣé o ti gba ọkọ sí ipò rẹ ni? Torí mo rí ọkùnrin kan tó jókòó sí kíṣìnì ìyàwó rẹ."

"Bíríkìlà ni."

"Mo mọ̀ pé bíríkìlà ni. Mi ò kàn rí bíríkì níbẹ̀."

Mo ní kí mọ́tò dúró, mo sáré sọdá títì. Mi ò wọlé o, ìdí igi máńgòrò ni mo dúró sí, bí ẹni tó ń wá ìbòòji. Ìgbà náà ni mo rí okùn. Ó fi orí okùn lé èjìká Tiwaa, ó ń fà á bọ̀ sí orí ìka rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń na ọmọ ejò.

Mo kígbe: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá!"

"Oo, Bàbá Adwoa, ẹ káàsán."

"Kí lẹ ń wọ̀n?"

"Ọwọ́ wọn ni."

"Ṣé ilé lẹ fẹ́ kọ́ àbí ẹ̀wù lẹ fẹ́ rán?"

Tiwaa ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Adwoa, ẹ padà sí gáréèjì. Mọ́tò ń dúró dè yín."

Nyantakyi ò tiẹ̀ bínú. Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú. Ó ní, "Tí ibi tí abọ́ wà bá jìnnà ju ọwọ́ lọ, ẹ̀yìn á máa dùn wọ́n. Ẹ wo igbá yìí. Igba ìgbà ó lé mẹ́rìnlá ni wọ́n ti rìn lọ sídìí omi lónìí nìkan."

Igba ó lé mẹ́rìnlá! Èmi tí mo jẹ́ ọkọ, mi ò ka ẹsẹ̀ rẹ̀ rí. Ìrìn kan ṣoṣo ni mo mọ̀ mọ́ Tiwaa, èyí tó fi ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, nígbà tí oúnjẹ dé, mi ò jẹun bí ẹni ń jẹun. Mò ń ṣèwádìí. Pomaa, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, dúró tì mí lórí.

"Yaw, kí lò ń wá nínú ọbẹ̀?"

"Ẹran."

"Ṣebí ẹran ló wà níwájú rẹ yẹn."

"Mẹ́rin ló máa ń jẹ́. Mẹ́ta ni mo kà."

"O ò ka èyí tó wà lẹ́nu rẹ."

Mo gbé e mì. "Ẹ̀yin ẹ máa fi mí ṣẹ̀sín. Bíríkìlà yẹn ń jẹ fùfú níbẹ̀, ní gbígbóná! Èmi tí mo jẹ́ ọkọ, èyí tó ti lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ ló ń kàn mí."

"Títì ló sọ ọ́ di lílọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, kì í ṣe bíríkìlà. Máa lọ jẹ ẹ́ nídìí ààrò nígbà náà."

"Kí n lọ jókòó sídìí ààrò? Èmi Dapaah?"

"Àní kó o lọ jókòó síbẹ̀. Àpótí wà. Ẹlòmíì ti bá ọ gbà á mọ́wọ́." Ó rẹ́rìn-ín wọlé lọ. Ọmọ ìyá ẹni!

Ilé bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Eérú ni Nyantakyi kọ́kọ́ fi ya gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: ààrò níbí, àmù níbí, pẹpẹ abọ́ níbí. Tiwaa á bọ́ sínú eérú yẹn, á dúró, á nawọ́, á yí síbí, á yí sọ́hùn-ún, bí ẹni ń jó láìsí orin. Nyantakyi á fẹsẹ̀ nu ìlà kan nù, á tún un fà.

"Báyìí ńkọ́?"

"Ó sún mọ́ ọn."

"Báyìí ńkọ́?"

"Hẹ̀ẹ́n! Ìyẹn gan-an ni!"

Ìyẹn gan-an ni! Ọdún mọ́kànlá, kò sí ohun kan tí mo ṣe rí tí Tiwaa sọ "ìyẹn gan-an ni" sí.

Nígbà tí wọ́n kọ́ ògiri tán, mo yọ́ lọ wò ó lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Mo dúró síbi tí Tiwaa á máa dúró, mo kọjú sí fèrèsé tí wọ́n á ti máa gba oúnjẹ. Mo ṣe bí ẹni ń bu ọbẹ̀. Ẹ gbọ́ o: ibi ààrò wà lápá òsì! Pẹpẹ abọ́ wà lápá ọ̀tún! Kí n tó bu ọbẹ̀, mo ní láti gbé ọwọ́ ọ̀tún mi kọjá níwájú ikùn, bí ẹni tí kòkòrò jẹ níhà kejì. Mo bú sẹ́rìn-ín. Bíríkìlà ńlá! Ó ka ẹsẹ̀, ó wọn ọwọ́, ó wá gbàgbé èwo lọ̀tún.

Àbí kò gbàgbé? Mo wo ìsàlẹ̀ fèrèsé. Ògiri kan wà níbẹ̀ tó ga dé àyà. Ẹni tó bá dúró níta, orí Tiwaa àti ọrùn rẹ̀ nìkan ló máa rí. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ògiri bò? Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Ọkùnrin tó bá ń kọ́ ògiri bo ìyàwó oníyàwó, ohun kan wà tí kò fẹ́ káyé rí. Owú ò gbọ́n, ṣùgbọ́n ó yára. Kí n tó débi odó, ó ti sọ gbogbo ìtàn náà fún mi tán, pẹ̀lú orúkọ ọmọ tí wọ́n máa bí.

Bó ṣe rí nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n ìyá Nyantakyi lọ́kùnrin fi kú ní Bekwai. Nyantakyi sì ni ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin tó máa jogún rẹ̀ nílànà ilẹ̀ wa, kò lè ṣe kó máà lọ, kò sì ní padà kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Iṣẹ́ tó kù ò pọ̀. Àwọn obìnrin ló ń fi amọ̀ mọ ààrò nílùú wa, ó sì ti fa ìlà sílẹ̀ fún Eno Afrakoma, ìyá Tiwaa. Tiwaa náà wọ mọ́tò lọ sí Kumasi lọ ra ìkòkò, á sì sùn lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Èmi ni mo tiẹ̀ pe èrò kún mọ́tò tó gbé e.

Mi ò tíì gbọ́ ariwo mọ́tò náà tán tí mo ti wà lọ́dọ̀ ìyá ìyàwó mi. Ó ti kó ọwọ́ méjèèjì bọ inú amọ̀.

"Yaw! Kí ló gbé ọ dé ibí? Ṣé ilé ń jó ni?"

"Ìyá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ dúró ná. Bíríkìlà yẹn ti ṣàṣìṣe. Apá òsì ló fi iná sí."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú amọ̀. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

"Ojú mi ni. Ìyá, ṣé ọwọ́ òsì ni Tiwaa á máa fi bu ọbẹ̀ fún ọmọ èèyàn ni?"

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ẹnì kan kì í fi òsì júwe ilé bàbá rẹ̀, áńbọ̀sì oúnjẹ. Ìyá wò mí. Ó wò mí títí amọ̀ fi ń gbẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Tiwaa ò bá ọ sọ nǹkan kan?"

"Ọdún mọ́kànlá, Ìyá! Kí ló kù tí Tiwaa fẹ́ bá mi sọ? Ta ló mọ̀ ọ́n jù mí lọ, bíríkìlà?"

Ó nu amọ̀ ọwọ́ rẹ̀ sára ògiri. "Ó dáa. Ìwọ lọkọ. Fi ibi tó o fẹ́ hàn mí."

Mo rò pé ọgbọ́n mi ló ya ìyá lẹ́nu.

A yí gbogbo rẹ̀ padà. Ààrò bọ́ sápá ọ̀tún, mo gbé pẹpẹ lọ sápá òsì, àmù tẹ̀ lé e. Mo wá gba òòlù, mo fọ́ ògiri àyà yẹn wá sí ìbàdí. Ẹ ò mọ bó ṣe dùn mọ́ mi tó! Gbogbo búlọ́ọ̀kù tó já, eyín Nyantakyi kan ni. Ìyá dáná sínú ààrò kó lè gbẹ, ó sì gbẹ, ó le bí òkúta.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ni Tiwaa dé, pẹ̀lú ìkòkò ńláńlá mẹ́ta. Mo ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo wọ ẹ̀wù tó dáa, mò ń dúró de ọpẹ́. Ó wọlé. Ó dúró síwájú fèrèsé. Ọwọ́ rẹ̀ kan gbéra, ó dá a dúró, ó ká ọwọ́ méjèèjì gbera.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni! Mo bá ọ tún un ṣe. Ọ̀gbẹ́ni yẹn ò bá ti fi iná sódì fún ọ."

Ó wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń wo adìyẹ.

"Ìyá, ṣé a lè ṣí i?"

"Ó ti gbẹ. Tí a bá fọwọ́ kàn án, á fọ́ yángá. Ọ̀tunla sì ni Ẹtì."

Tiwaa to ìkòkò rẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá Adwoa." Ohùn tó fi dúpẹ́ yẹn, ilé olókùú ni mo ti máa ń gbọ́ irú rẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé ó ń ṣe àárò bíríkìlà ni.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Gáréèjì kún bí inú ilé oyin. Agya Boadi kó àwọn dírẹ́bà rẹ̀ sọdá títì, wọ́n tò síwájú fèrèsé, ebi ń pa wọ́n, ojú wọn le. Fùfú ti wà nílẹ̀, ó ń dán. Ọbẹ̀ ń hó. Tiwaa mú ìgbakọ.

Mo wà nídìí mọ́tò Kumasi, ṣùgbọ́n ojú mi wà lọ́hùn-ún. Abọ́ àkọ́kọ́ lọ. Ìkejì lọ, ó dà díẹ̀. Ìkẹta, ìgbakọ gbá etí ìkòkò, ọbẹ̀ ta sórí igi iná, èéfín sọ. Ó ń ṣọ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Ògiri ò sì sí mọ́ tó máa bò ó. Gbogbo ojú ogójì wà lára ọwọ́ yẹn.

Agya Boadi ní, "Tiwaa, ṣé ọbẹ̀ ń sá fún ọ ni?"

"Ó ń bọ̀, Bàbá."

Mọ́tò mi ń kún. Ẹ gbọ́ ohun tí mi ò ṣe rí láyé mi: mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe èrò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Kumasi... ẹ má yára... àyè ṣì pọ̀ o..." Wọ́n ń wọlé síbẹ̀! Àwọn tó ń lọ síbi òkú kì í gbọ́ ohùn. Mọ́tò kan fọn fèrè, òmíràn dáhùn. Dírẹ́bà méjì jáde lórí ìlà lọ́wọ́ òfo. Ọ̀kan ní kí gbogbo ayé gbọ́ pé Nsuta ò jìnnà.

Mo rí ojú Tiwaa nígbà tó gbọ́ Nsuta. Mo fi mọ́tò sílẹ̀, mo sáré.

Kí n tó dé ibẹ̀ ló ṣẹlẹ̀. Ìgbakọ yọ̀ bọ́rọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Kó tó kanlẹ̀, ọwọ́ òsì ti mú un. Ọwọ́ òsì yẹn ò sì dá a padà. Ó ri í bọnú ìkòkò, ó fà á yọ, ó dà á, ó tún ri í. Abọ́ mẹ́fà kí n tó mí lẹ́ẹ̀kan! Ẹ̀kán ọbẹ̀ kan ò kanlẹ̀. Ó dà bí ẹni tó ti ń fi èdè àlejò sọ̀rọ̀ látàárọ̀, tó wá rí ọmọ ìyá rẹ̀. Mi ò rí Tiwaa bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ bá mi rò ó: ìyàwó mi nìyẹn, mi ò sì rí i rí.

Agya Boadi gbé abọ́ rẹ̀ jìnnà sí ara.

"Tiwaa. Ọwọ́ wo lo fi bu tèmi?"

Ìgbakọ dúró lókè. Eno Afrakoma fi etí aṣọ bojú.

Gbogbo rẹ̀ wá wọ orí mi lẹ́ẹ̀kan náà. Iná lápá òsì. Abọ́ lápá ọ̀tún. Ọwọ́ òsì á bu ọbẹ̀ nísàlẹ̀, níbi tí ògiri bò, ọwọ́ ọ̀tún á gbé e fún èèyàn lókè, ìkan ò ní di ìkejì lọ́nà. Nyantakyi mọ̀! Ọjọ́ mẹ́ta péré, ó mọ ohun tí mi ò mọ̀ lọ́dún mọ́kànlá. Owú tún dé. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni mo fẹ́ jowú? Nsuta ń dúró.

Mo bọ́ bàtà, mo wọ ilé ìdáná, lójú gbogbo gáréèjì. Mo dúró gbagidi sí fèrèsé náà, ikùn mi sì bo gbogbo ibi tí mo fọ́. Mo nawọ́ sẹ́yìn, mo gba abọ́ lọ́wọ́ Tiwaa, mo fi ọwọ́ ọ̀tún nà án síta.

"Ọwọ́ ọ̀tún rèé o! Gbígbóná rèé! Ẹnì kan péré ló kù!"

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. "Yaw! Ta ló fẹ́ ọ?" Òmíràn ní, "Ìyá olóúnjẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹran kún tèmi!" "Ìyàwó tuntun, ṣé ẹ ò ní kúnlẹ̀ gbé e ni?" Mo kúnlẹ̀! Kí ló kù tí wọ́n fẹ́ gbà lára mi? Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń gbà á, ẹni tó ti lọ padà wá wò mí, ó sì gba abọ́. Tiwaa ń bù ú lẹ́yìn mi, wàràwàrà. Mò ń gbọ́ èémí rẹ̀ létí mi.

Agya Boadi ṣì gbé tiẹ̀ dání. Mọ́tò rẹ̀ fọn fèrè. Ó wo abọ́, ó wò mí, ó wo abọ́. Ó ní, "Ọ̀fun tèmi ò béèrè ọwọ́ rí," ó sì jókòó. Nígbà tó jẹ ẹ́ tán, ó fi ìka gbá ìsàlẹ̀ abọ́ mọ́.

"Tiwaa, mẹ́rìndínlógójì lo fún lóúnjẹ. Kò pé ogójì, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ rẹ la ó máa jẹ. Àmọ́ ẹ bá mi wá nǹkan fi dí fèrèsé yẹn lọ́jọ́ mìíràn. Mi ò lè máa rí ikùn Yaw kí n tó jẹun."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Tiwaa fi ìgbakọ lélẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ níyàwó, ẹ mọ̀ pé "ẹ" la máa ń gbọ́ nígbà tí ayé bá dáa.

"Ìwọ Yaw. Ta ló bẹ̀ ọ́ níṣẹ́?"

"Kí ló dé tó o sọ fún bíríkìlà, tó ò sọ fún mi?"

"Mi ò sọ fún un."

"Báwo ló ṣe wá mọ̀?"

"Ó wò mí."

Ó tán. Kò sí ohun mìíràn. Mo fa àpótí mọ́ra, mo jókòó sídìí ààrò.

Ó ní, "Ìyá fi aṣọ di ọwọ́ yìí mọ́ mi lẹ́yìn nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Wọ́n ní kò sọ́kọ tó máa jẹ oúnjẹ ọwọ́ òsì. Ẹ̀rù ń bà mí pé lọ́jọ́ tó o bá mọ̀, Adwoa á gbé abọ́ padà wálé ní kíkún."

"Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń jẹ ẹ́, Tiwaa."

"Ó ṣe ọ́ ní nǹkan?"

Mo wo ikùn mi. "Ó ṣe mí."

Ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kíákíá. Mo mọ̀ pé ẹ̀rín ló ń gbé mì, kò kàn fẹ́ fún mi.

Nyantakyi padà dé ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, aṣọ dúdú ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó wo ààrò. Ó wo ògiri tó fọ́. Ó wò mí. Ó ní, "Ẹ kú àtúnṣe o, Bàbá Adwoa." Mo fẹ́ kí ilẹ̀ la ẹnu.

Tiwaa ní, "Ọ̀gá, ẹ bá wa dá gbogbo ẹ̀ padà."

"Kò le. Mo ṣì rántí ibi tí ògiri yẹn ga dé."

"Rárá o. Ẹni tó fọ́ ọ ni kó wọ̀n ọ́n."

Ni wọ́n bá fún mi ní okùn. Mo ní kí Tiwaa dúró, kó máa bu omi láti inú ìkòkò bí ẹni ń bu ọbẹ̀. Mo jókòó sórí àpótí. Mò ń wò ó. Ó máa ń fi ahọ́n kan ètè òkè tó bá ń dà á sí abọ́. Àpá iná kékeré kan wà ní ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀, ó ti pẹ́ níbẹ̀. Tó bá fẹ́ yí, gìgísẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń yí. Ìgbà tó bu ú lẹ́ẹ̀kẹwàá ni mo dìde, mo fi ẹfun fa ìlà sára òpó.

"Dé ibí," ni mo wí. "Ọwọ́ rẹ̀ ò kọjá ibí."

Inú mi dùn. Mo ti mọ̀ ọ́n, èmi náà.

Nyantakyi wo ìlà náà dáadáa. Ó mi orí. Ó ní, "Ó dáa gan-an, Bàbá Adwoa. Ẹ kàn fi búlọ́ọ̀kù kan kún un. Tí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín, ọwọ́ wọn máa ń gòkè."

Ẹ gbọ́ o. Tí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín!

"Ọ̀gá," mo ní, "kí lẹ sọ fún un tó fi rẹ́rìn-ín?"

Ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń po sìmẹ́ńtì. "Hẹ̀n-ẹ́n? Mi ò rántí mọ́."

Mo wo Tiwaa. Tiwaa ń wo adìyẹ.

Wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kan yẹn kún un. Mo lọ dúró síta láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo sọ ọ̀rọ̀ kan tó pa á lẹ́rìn-ín, kí n lè rí i fúnra mi. Ọwọ́ náà gòkè lóòótọ́, ògiri sì bò ó rẹ́gí. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.